Ọwọ́ Kan Tí Belarmino Cueto Gbé Sókè

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 1943, ni a bí Bàbá wa, Olóògbé Belarmino Cueto Llaneza, nínú ilé olókùúta tó kángun sí odò ní ìlú Peñaluenga, ní ilẹ̀ Asturias, ní Sípéènì. Nicanor Cueto, awakùsà èédú, ni bàbá wọn. Etelvina Llaneza, tó ń fọ aṣọ àwọn awakùsà títí odò á fi dúdú, ni ìyá wọn. Ìran mẹ́ta nínú ẹbí Cueto ló ti wọ inú ihò èédú kí wọ́n tó bí Belarmino. Bàbá ni ọkùnrin àkọ́kọ́ nínú ẹbí náà tó rí oúnjẹ òòjọ́ lábẹ́ oòrùn.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní ọdún 1949. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé, "Orí ọmọ yìí pé, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé." Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Peñaluenga fún wọn ní aṣọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án, aṣọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ibi tí aṣọ náà ti wá gan-an ni ọkàn wọn dúró sí. Don Senén Hevia ló ń tọ́jú aṣọ àti bàtà ẹgbẹ́ náà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Oliva, ló sì ń rán nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn. Oliva máa ń pẹ́ lórí nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Á rán an, á tú u, á tún un rán.

"Ṣé mẹ́sàn-án nìkan ni abẹ́rẹ́ rẹ mọ̀ ni?" Don Senén á bi í.

"Ó le láti rán ni, Bàbá. Ó ní kọ̀rọ̀ nínú."

Ọmọ apòògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni Don Senén ní lọ́kàn fún ọmọ wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1965, ẹgbẹ́ ńlá kan ní etí òkun, Marítima, wá ra Belarmino. Láti ọjọ́ náà, lẹ́tà ni àwọn méjèèjì fi ń rí ara wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1968, lẹ́tà kan dé tí Màmá Oliva ṣì ń tọ́jú dòní: "Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, a ó wá gbá bọ́ọ̀lù ní Peñaluenga. Bí mo bá gbá a sáwọ̀n, màá gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè sí igun tí o máa ń jókòó sí. Bí o bá rí i, mò ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí n kò bá gbé e, a jẹ́ pé àyà mi já. Kí o fẹ́ ọmọ apòògùn." Èsì tí Oliva fi ránṣẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Igun yẹn ni màá wà."

Kò sí ewu kankan nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà yìí. Àmọ́ Peñaluenga fìdí rẹmi nínú eré mẹ́rin léraléra lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí ọjọ́ ìlérí fi máa pé, ìlú náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀mì, ó kéré tán, kí ó má bàa já bọ́ kúrò ní ìpele àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ìlú tó bí i kì í yọ̀. Á dorí kodò ni, á rìn padà sí àárín pápá bí ẹni tó ń ti ilé òkú bọ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí eré parí, kò sì tíì sí góòlù kankan, nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú Belarmino. Ẹsẹ̀ ti gbá a kí orí tó ronú. Wọ́n wo igun. Oliva ti dìde, ó fi ìborùn bo ẹnu, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Bí Belarmino bá dorí kodò, ìlú á dárí jì wọ́n. Oliva á sì gbà pé òun ni wọ́n kọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀dàlẹ̀!" Ìrọ̀rí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ pápá bí òjò. "Ọmọ Etelvina, omi odò wa tó o mu, wàá bì í!"

Bẹ́ẹ̀ ni eré parí, Peñaluenga sì já bọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Belarmino kan ilẹ̀kùn ilé Hevia. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Don Senén ti dáhùn: "Kò sí ọmọbìnrin nílé yìí. Lọ gbé ọwọ́ rẹ sókè níbòmíràn."

Oliva sáré sí fèrèsé ilé ìdáná. "Jẹ́ kí n sọ fún wọn!"

"Má sọ ọ́. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ ni mo gbé e fún, ara rẹ ni wọ́n á máa tutọ́ sí. Èmi ń lọ, ìwọ ló ń gbé láàárín wọn."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tí mo bá gbà wọ́n là."

Oliva wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá Belarmino lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án, 1969, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn apẹja. Àga bàbá ìyàwó wà níwájú, òfìfo. Ọdọọdún ni Màmá ń kọ lẹ́tà Kérésìmesì sílé, ọdọọdún ni Don Senén ń dá a padà láìtú.

Góòlù mẹ́tàdínláàádọ́wàá ni Bàbá gbá sáwọ̀n kí orúnkún wọn tó bàjẹ́ ní ọdún 1975, gbogbo ilẹ̀ Sípéènì sì mọ orúkọ wọn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, wọn kò gbé ọwọ́ sókè fún góòlù kankan mọ́. Ní 1977 wọ́n di akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ fún Marítima ní 1983. Ọjọ́ náà gan-an, abẹ́ itan ni wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1987, ẹgbẹ́ ńlá méjì ń pè wọ́n. Peñaluenga kò pè wọ́n. Ìsàlẹ̀ ìpele kẹta ni ẹgbẹ́ náà wà, ihò èédú tó ń bọ́ ọ ti ń kógbá sílé, bí ó bá sì tún já, wọ́n á tú u ká. Ibẹ̀ ni Bàbá lọ.

Don Senén, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ṣì wà nídìí aṣọ. Wọ́n tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì kan tí síìpù rẹ̀ ti já sórí àga akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n sì kọjú sí Tino, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù.

"Sọ fún ọkùnrin yẹn pé èyí tó kù nìyẹn."

"Tino, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni Tino wí, "ẹsẹ̀ wíwọ́ ni wọ́n gbà mí fún o, wọn ò gbà mí síṣẹ́ alárinà!"

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń bá a lọ báyìí. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, eré àṣekágbá dé, ẹgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ borí. Oliva lọ jókòó sí igun àtijọ́. Òdo sí òdo ni títí ó fi ku ìṣẹ́jú méjì, kí Quirós, adènà gíga tí kò tíì gbá góòlù kankan rí, tó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Àgbàlagbà ń fò, àlùfáà ń fò. Bàbá nìkan ló jókòó, ọwọ́ lábẹ́ itan.

Nígbà tí fèrè ìparí dún, Don Senén dúró lé wọn lórí pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n bá àna wọn sọ̀rọ̀ tààrà.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ? Ọjọ́ tó o tì wá ṣubú, ṣebí o rí i gbé sókè. Lónìí tó o yọ wá, ó ti rọ ni?"

Oliva ti sáré dé láti igun. "Bàbá, èmi ni ó gbé e sókè fún."

"Oliva, dákẹ́," ni Belarmino wí.

"Mi ò dákẹ́ mọ́. Ó ti ṣèlérí fún mi nínú lẹ́tà ni, Bàbá. Àmì pé ó ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́wọ́ yín ni."

Don Senén da ojú korobá délẹ̀, wọ́n jókòó lé e. "Ọdún mọ́kàndínlógún! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń bú ọmọlúàbí, ẹ ò sì rẹ́ni sọ fún mi!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. "Bọ́ aṣọ játijàti yẹn." Wọ́n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ti ara wọn, wọ́n wọ̀ ọ́ fún Bàbá, wọ́n sì fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn. "Ó yá, béèrè ohun tó o wá béèrè lọ́jọ́ náà."

Bàbá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, bàbá ọmọ mẹ́ta, tọrọ Oliva lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò aṣọ ìdọ̀tí.

"Mo gbà," ni Don Senén wí. "Àmọ́ o pẹ́ díẹ̀."

"Ọpẹ́ o!" ni Tino kígbe. "Ẹsẹ̀ wíwọ́ nìkan ló kù fún mi báyìí!"

Ní 1990, Bàbá àti Màmá kó padà wá sílé pátápátá. Don Senén gbé lọ́dọ̀ wọn títí wọ́n fi dákẹ́ ní 1994. Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní bọ́ọ̀lù láìgba nǹkan kan, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń ru ère Santa Bárbara, ẹni mímọ́ àwọn awakùsà, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdọọdún. Àìsàn ọkàn fìyà jẹ wọ́n fún ọdún méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, 2021, ó jáwọ́ lára wọn, wọ́n sì lọ wẹ́rẹ́, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Màmá. A dúpẹ́.

Wọ́n fi Màmá Oliva sáyé, àti àwọn ọmọ, Nicanor, Delfina àti Senén kékeré, àti ọmọ-ọmọ mẹ́fà.

Bí a bá gbé pósí gba pápá bọ́ọ̀lù lónìí, tí ó dé igun Màmá, ẹbí bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọwọ́ sókè. Màmá Oliva nìkan ni yóò gbé tiwọn. Bàbá á mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó kan Màmá báyìí láti ṣèlérí fún wọn pé àwọn ń bọ̀.

Belarmino, ọmọ Etelvina, ìlú yín ti ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ sinmi ní ìrọ̀rùn, kí ilẹ̀ èédú yìí rọ̀ yín lẹ́yìn.