Oògùn Ìtọ̀ Tó Gbẹ Itọ́ Ẹnu Mi

Egan, lẹ́bàá Ìgàndo,
Oṣù Kẹsàn-án, 1992.

Gàníyù Àkànní, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ, àti ìyàwó rẹ, àti gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń jáde láàárọ̀ náà lẹ ó máa fi wọlé, ẹ ò ní rí ìjà iná, ẹ ò ní rí ìjà ọkọ̀. Bàbá rẹ ń kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti lọ, ó ti ń bá àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Òjò wó ilé ìdáná wa lápá kan, ewúrẹ́ tó sùn síbẹ̀ kò kú, ó kàn ń wo ènìyàn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan ni.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, n kò gbé e fún akọ̀wé, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń gbé sí ẹnu ẹlòmíràn. Bí o bá kà á tán, má pè mí lórí tẹlifóònù o. Mo ti rí wáyà rẹ̀ ní Ìkòtún, orí òrùlé àwọn ènìyàn ló ń gbà kọjá, gbogbo ẹni tó bá jókòó lábẹ́ rẹ̀ ni yóò gbọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àkànní. Láti ìgbà tí a ti ṣe Iléyá ni ìtọ̀ ti ń lé mi kiri bí ajá ṣe ń lé òkété. Bó bá ní kí n dìde, kì í jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ bàtà. Bí wọ́n bá ń da omi sí korobá nílé kejì pẹ́nrẹ́n, tèmi ti dé nìyẹn. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìgàndo lọ sí Ìkòtún, mo ní kí wọ́n dúró, mo tún ní kí wọ́n dúró, ni kọ́ńdọ́ bá bi mí pé màmá, ṣé ìjọba ló ní kí ẹ máa yẹ igbó wò ni. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ìborùn mi ni mo ti ń sunkún. Ìrun tiẹ̀ ló dùn mí jù, kí n ṣe àlùwàlá tán, kí n tó forí kanlẹ̀, ó ti bà á jẹ́.

Fọlákẹ́ àbúrò rẹ ló mú mi lọ bá dókítà kan ní Ìkòtún. Wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, dókítà ní kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Mo ní ta ló sọ fún yín pé mo fi ṣúgà sí i? Ó ní kì í ṣe àtọ̀gbẹ, àpò ìtọ̀ mi ló ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò ì tíì kún tó ti ń pariwo pé òun kún. Gbogbo igbe tí mo ń ké nínú ilé yìí pé kí wọ́n tẹpá mọ́ṣẹ́, àṣé àpò ìtọ̀ nìkan ló gbọ́! Ó wá fún mi ní oògùn oníhóró kéékèèké tí yóò máa pàrọwà fún un.

Ọmọ mi, n kò ní purọ́, ìtọ̀ náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi gbẹ. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ẹ̀bà kò lọ, Bísímílà gan-an ń há mi lọ́fun. Mo fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ di méjì lójú mi. Ìgbà náà ló yé mi. Oògùn òyìnbó ni, kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìtọ̀ la rán an, ó gbọ́ itọ́ mọ́ ọn, ó bá ń gbẹ méjèèjì. Mo gbé hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, mo rọra pe ọ̀rọ̀ náà fún un, mo ní ìsàlẹ̀ ni mo rán ọ, má dé òkè. Mo gbé e mì, ó tún dé òkè. Bó bá ti gbẹ ẹnu, tó ti dé ojú, ṣé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló kù? Mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo rántí ikú ìyá mi, kí n lè mọ̀ bóyá omijé ṣì kù.

Ibà wá ń ṣe Ràímì, ọmọ Fọlákẹ́, wọ́n gbé e wá kí n ṣàdúrà kí n tutọ́ sí i lọ́wọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo yín. Mo ṣe àdúrà, mo ní tù, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìyá àgbà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá tí kò ní itọ́ lẹ́nu, kí ni yóò fi súre fún ọmọ? Bí mo ṣe gbé oògùn jù sísàlẹ̀ ìkòkò gàrí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìtọ̀ padà dé. Mo jókòó sórí ẹní ní mọ́ṣáláṣí, Ààfáà ń wáàsí, ẹnìkan ní ìta ń bu omi. Kí n tó dìde, ó ti tán. Ẹní ti tutù lábẹ́ mi, n kò lè dìde, n kò lè jókòó. Mọ̀dínátù tó ń ta aṣọ, ẹni tó jókòó tì mí, wo ẹní, ó wo ojú mi, ó bá gbé bútà rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ gbogbo sórí ẹní. Ó wá figbe ta pé ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ òun yọ̀, òun ti rẹ ìyá Gàníyù lómi. Wọ́n bú u, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó kúnlẹ̀ ń nu ẹsẹ̀ mi. Títí dòní kò sọ ọ́, èmi náà kò sọ ọ́.

Mo padà lọ bá dókítà, mo sọ fún un pé oògùn rẹ̀ kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu pẹ́ díẹ̀. Ó ní bó ṣe máa ń gbẹ ẹnu nìyẹn, kì í gbẹ ẹ̀jẹ̀, kí n máa lo ààbọ̀ hóró, kí n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Bàbá rẹ rí mi tí mo ń jẹ ẹ́, ó ní ta ni mo ń ṣe fáàrí fún. Mo ti kírun Jímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ ẹ̀rù kò tíì kúrò lára mi, mo máa ń fi ahọ́n wá itọ́ kiri ẹnu kí n tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi bi dókítà Èkó bóyá lóòótọ́ ni kì í gbẹ ẹ̀jẹ̀. Fi owó oògùn ránṣẹ́, fi ti ṣingọ́ọ̀mù sí i, àti owó bútà tuntun kan, Mọ̀dínátù ni mo fẹ́ rà á fún, n kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọlọ́run yóò fi ọmọ jíǹkí ìwọ náà, ohun tí o bá ń wá kò ní sá fún ọ, ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwùjọ.

Itọ́ ẹnu mi ni mo fẹ́ fi lẹ apòòwé yìí. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ ní lílẹ̀, fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí lójú ọ̀nà, Àkànní, má dúró gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, máa bọ̀ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdíkátù.