Àkèré Tí O Ní O Kò Rí

Springdale, Brampton,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Àbíkẹ́ ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ ní Markham. Mo lérò pé ara yín le, àti pé òtútù ọdún yìí kò tíì wọ̀ yín dé egungun. Ara tiwa náà le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìfẹ́ ọmọ mi ti ga dé èjìká mi, bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, èébó ló ṣì fi ń dá mi lóhùn. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, ìwọ lo sì fà á. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: o dà mí, Àbíkẹ́.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Dáramọ́lá, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa, pín ìwé fún gbogbo wa nípa ilẹ̀ tí ìjọ rà lẹ́yìn àdúgbò wa níbí. Mo ṣí i dé ojú ewé kẹsàn-án, mo rí orúkọ rẹ. Ohun tí o kọ síbẹ̀ ni pé o lọ wo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, pé gbígbẹ lo bá kòtò omi inú igbó náà, pé o kò rí àkèré kankan, o kò sì gbọ́ ohùn wọn. Mo fa kóòtù mi mọ́ra, mo tún ojú ewé náà kà. Ìyá tó jókòó tì mí rò pé òtútù ló mú mi, ó fi ìbòrùn rẹ̀ bò mí.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ta ló dìde ní ìpàdé ìjọ lọ́dún tó kọjá, tó ní kí wọ́n má gbé àyẹ̀wò ẹranko inú ilẹ̀ náà, tí ìjọba ìlú ní ká ṣe kí a tó kọ́lé, fún òyìnbó tí a kò mọ̀ rí, pé ọmọ wa kan wà ní Markham tó kàwé nípa ẹranko, tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn? Èmi náà ni. Mo ní tiwa ni tiwa, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Ṣebí àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo gbọ́ òwe náà láti kékeré, n kò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tèmi ni wọ́n ń wí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwọ lo kọ́ mí mọ àkèré. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́jọ ní Kánádà nígbà náà, mo sì ti gbà pé ìbànújẹ́ ni yóò pa mí síbí. O fi mọ́tò rẹ gbé mi lọ sí kòtò yẹn lóṣù kẹrin, yìnyín ṣì wà létí omi. Mo gbọ́ ariwo kan, mo bi ọ́ pé ta ló ń sin pẹ́pẹ́yẹ nínú igbó, o rẹ́rìn-ín títí o fi di igi mú. O wá fi wọ́n hàn mí: àkèré kékeré tó ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, tí ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó lé tìróò jù. O ní abẹ́ ewé gbígbẹ ló máa ń sùn nígbà òtútù, pé yóò dì gbagidi, kò ní mí, ọkàn rẹ̀ kò ní lù, ṣùgbọ́n ṣúgà tí ara rẹ̀ ń pèsè kò ní jẹ́ kó kú. Bí ilẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọkàn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jí, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí tù mí. Láti ìgbà yẹn, n kò pa ọdún kan jẹ rí kí n má lọ gbọ́ ohùn wọn.

Ìwọ náà lo sọ ìdí tí kòtò náà fi gbọ́dọ̀ máa gbẹ fún mi. Ẹja kì í gbé inú omi tó ń gbẹ lọ́dọọdún, ẹja ni ì bá sì jẹ ẹyin àkèré tán. Nítorí pé omi náà máa gbẹ ni àwọn àkèré fi ń kánjú. Àwọn akọ á ké fún bí ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn abo á yé ẹyin wọn jọ sójú kan, àwọn ọmọ á yọ ẹsẹ̀, wọ́n á kúrò kí omi tó gbẹ. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, gbogbo wọn ti wọgbó, wọn kì í ké mọ́. Ẹni tó mọ gbogbo èyí, tó wá lọ sí kòtò náà lóṣù kẹjọ, kò wá àkèré lọ. Àwáwí ló wá lọ.

Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́sàn-án àná, mo rò pé wàá ní àṣìṣe ni. O ní, "Rónkẹ́, abeg, àkèré lásán! House of God ni wọ́n fẹ́ kọ́. Did I lie? Kòtò gbẹ, mo kọ pé ó gbẹ." Lóòótọ́, n kò rí irọ́ nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí o kọ, ṣùgbọ́n nígbà tí o tò wọ́n pọ̀, irọ́ ni wọ́n jọ pa. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, mo bi ọ́ pé kí ló ń lé ọ. O ní Alàgbà ló bẹ̀ ọ́, pé bí o bá dúró di oṣù kẹrin, iṣẹ́ á fi odindi ọdún kan falẹ̀, àti pé o kò lè wo ojú bàbá àgbàlagbà kí o sọ pé rárá. Ojú Alàgbà ń tì ọ́, ojú tèmi kò tì ọ́. Lẹ́yìn náà lo pa fóònù. Láti ìgbà náà, ìpè mi kò wọlé sọ́dọ̀ rẹ mọ́, òun ni mo fi ń kọ lẹ́tà.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé katakata wọ ibẹ̀, kí yìnyín tó yọ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fẹ́ fi ojú kòtò náà ṣe, kì í tilẹ̀ ṣe ilé ìjọsìn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbalasa wà ní apá kejì. Ní báyìí tí mo ń kọ̀wé, àwọn àkèré náà wà lábẹ́ ewé yí kòtò ká, wọ́n ti dì, wọn kò lè sá. Ìfẹ́ ka ìwé náà lórí àga ìjẹun, ó ní, "Mummy, but Auntie Àbíkẹ́ was there with us. Why would she say that?" Mo ní kó lọ fọ abọ́. Má rò pé mo fẹ́ fi ọkàn mi wé ti àkèré o. Tèmi kò dì, ṣe ló ń hó.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìjọba ìlú máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Mo ti forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n máa pè mí nínú ìjọ, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n wá ibòmíràn jọ́sìn. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀wé sí ìjọba ìlú kí ó tó di Ọjọ́rú, pé àkókò tí o lọ kì í ṣe àkókò àkèré, pé kí wọ́n dúró di oṣù kẹrin, n kò ní dárúkọ rẹ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ àti àwọn ọmọ rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ má bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ẹni tí o bá fọkàn tán má já ọ kulẹ̀ láéláé. Inú mi ni àdúrà yìí ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú náà kò dùn sí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti Ìbàdàn, bí o bá ṣì ń fẹ́ kí n máa jẹ́ ẹ,

Ọlárónkẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Ìfẹ́ fi fóònù gba ohùn àwọn àkèré náà sílẹ̀ lóṣù kẹrin tó kọjá, òun ni mo fẹ́ mú lọ ní Ọjọ́bọ̀. Mo gbìyànjú láti gé ohùn tìrẹ kúrò níbẹ̀, kí ojú má bàa tì ọ́ láàárín àwùjọ. Kò ṣeé gé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lo ń ka iye wọn, tí ò ń rẹ́rìn-ín, o sì kà wọ́n dé mọ́kànléláàádọ́rin.