Ọta Tó Há Sínú Ìbọn Khadidja

Pobè,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Bàbá Khadidja, Tàhírù ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ràúdátù ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ilé ní Sakété. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí orúnkún tó ń dùn ọ́ sì ti fúyẹ́. Ara àwa náà le níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé nígbà tí mo lè pè ọ́. Ẹnu ni mo fi ba nǹkan jẹ́ lórí tẹlifóònù. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu yẹn láti tún un ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sọ fún ọ pé ojo ni ọmọ rẹ, pé ó kọ̀ láti yìnbọn lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó kì í ṣe ti ẹni tí ìbọn ń bà lẹ́rù. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O ní ojú tì ọ́, pé ọjà aṣọ ni ọmọ náà yóò padà sí. Tàhírù, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn kì í ṣe òótọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. À ń kọ́ àwọn mẹ́wàá ní ìbọn yíyìn ní pápá tó wà lọ́nà Ahoyéyé. Khadidja fi àyà lélẹ̀ lórí ẹní, ó yin ọta méjì, méjèèjì bá àmì. Ẹ̀kẹta kò dún bí ìbọn. Ó kàn ṣe “pù”, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìgò. Ìdí ìbọn kò ta á léjìká, bébà tó wà níwájú kò sì lu. Ó yọ ìka rẹ̀, ó jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú síwájú, ó nawọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣẹ́ẹ̀fù, ọta yìí kò jáde.”

Ohun tí mo fẹnu ara mi kọ́ ọmọ náà ló ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan láti Porto-Novo dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Mo ní kó ti òmíràn wọlé kó yìn ín. Ó kọ̀. Mo tún un sọ. Ó ní, “Bàbá, mi ò lè ṣe é.” “Bàbá” tó pè mí dípò “ṣẹ́ẹ̀fù” níwájú ọ̀gá yẹn ló bí mi nínú jù. Mo já ìbọn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ sídìí igbá ìyá rẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, kò sunkún, ó lọ kó ẹrù rẹ̀. Kò pẹ́ tí òjò dé, a sì kó gbogbo ìbọn wọlé.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Fálúyì, àgbà tó ń tún ìbọn wa ṣe, pè mí. “Crépin, gbé ojú rẹ wá síbí.” Ó ti tú irin ìdí ìbọn tí Khadidja lò, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ojú fèrèsé. Mo yọjú sínú rẹ̀, mi ò rí ìmọ́lẹ̀. Ó ki irin bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ láti ẹnu, ó fi àtàǹpàkò sàmì síbi tó dúró, ó fà á yọ, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìbọn láti wọ̀n ọ́n. Ọta ti há sáàárín. “Ẹ̀tù rẹ̀ kò jó dáadáa,” ó ní. “Ó lágbára láti tì í wọlé, kò lágbára láti tì í jáde. Èyí tó bá tẹ̀ lé e ni ì bá fọ́ ìbọn náà mọ́ ọmọ náà lójú.” Ó wá mú ọta márùn-ún nínú páálí kan náà, ọta àtijọ́, ó tú wọn. Ẹ̀tù mẹ́ta gbẹ. Ti méjì dì bí iyọ̀ tó gba omi. Ó bi mí ibi tí páálí náà wà lásìkò òjò.

Ìdí ògiri tó ń jò ló wà, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí à ń kó ọta sí wà. Ní oṣù keje, mo rí omi tó ń kán. Mo ní àpò àgbàdo kan níbẹ̀. Mo gbé àgbàdo mi kúrò, mo fi ọta sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé mo bẹ Bàbá Fálúyì kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Kò wò mí. Ó ní, “Èmi lè dákẹ́. Ṣé ìwọ á lè jókòó jẹun nílé bàbá ọmọ náà?” Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo tún fi dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ká ní Khadidja gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, òkú ni ǹ bá gbé wá bá yín ní Sakété. Ǹ bá jókòó tì yín, ǹ bá máa bá yín sunkún, ẹ̀ bá sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lánàá, mo pe àwọn mẹ́sàn-án tó kù jọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ní Porto-Novo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ Khadidja ti padà sínú ìwé àwọn tí à ń kọ́. Bó bá fẹ́, kó wá lọ́jọ́ Ajé.

Má ṣe bá ọmọ náà bínú mọ́. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí fún yín, kí làákàyè rẹ̀ má fi í sílẹ̀, kí ilé yín má ríbi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ìwé,
Crépin

Àfikún: Martial tó ń fi ọkọ̀ kó sìmẹ́ǹtì láti Onigbolo ló mú ìwé yìí wá. Àpòòwé kékeré tó wà nínú rẹ̀, ti Khadidja ni. Má ṣe bá a ṣí i. Má sì sọ fún un pé torí mo jẹ́ bàbá sí i, kó dárí jì mí. Bó bá fà á ya, jẹ́ kó fà á ya.