Wọ́n Ní Ká Má Fọwọ́ Kan Ilé Títí Wọn Yóò Fi Dé

Normand ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo sì kí gbogbo ará Boston tó bá ń ṣe dáadáa sí ọ. Ọlọ́run tó mú ọ la ooru já kò ní fi ọ́ lé òtútù lọ́wọ́. Màlúù Aurèle àbúrò bàbá rẹ bí ìbejì, ọ̀dùnkún ọdún yìí sì ta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, nítorí ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

O rántí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú tí o ní kí n kọ̀wé sí, àwọn tó ń bá arúgbó dí ihò ilé lọ́fẹ̀ẹ́ kí òtútù má baà wọlé. Bàbá rẹ ní gbà mí gbà mí ò yẹ àgbà, ṣùgbọ́n mo gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́ olórí ilé, mo kọ orúkọ ara mi torí èmi ni bírò wà lọ́wọ́ mi, bàbá rẹ ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Lóṣù kẹjọ wọ́n rán ọkùnrin kan wá. Ó gbé fáànù ńlá há ẹnu ọ̀nà, ó ti gbogbo fèrèsé, ó tan án, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ ilé wa síta. Mo bi í pé ṣé ìrànlọ́wọ́ náà nìyẹn, kó máa fa ìwọ̀nba ooru tó kù sí wa lọ́wọ́ jáde. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ilé ti ń jò ni. Mo ní ì bá bi mí, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ti ń gbé inú rẹ̀. Ó tún yọ kámẹ́rà kan tí kì í ya ojú, ooru ló ń yà. Ògiri jáde ní búlúù, èmi àti bàbá rẹ jáde ní pupa. Mo ní kó fún wa ní ẹ̀dà kan ká gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ó fi ìwé sílẹ̀ pé ká má fọwọ́ kan nǹkan kan títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi dé lóṣù kẹsàn-án. O mọ̀ mí, ohun tí ìwé bá sọ ni mo ń ṣe. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ kó ẹ̀ka igi firi yí ẹsẹ̀ ilé ká láti dènà atẹ́gùn, bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún kí òtútù tó mú ilẹ̀ le, èmi ni mo ní rárá. Dígí fèrèsé ìdáná tó fọ́ ńkọ́, mo tu àkísà tó fi dí i, torí bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá ihò, kí ni wọn yóò dí? Mo ń tọ́jú ihò náà dè wọ́n bí ẹni ń tọ́jú oúnjẹ àlejò.

Wọn ò dé. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n ní ẹni tí fáìlì wa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá pè, obìnrin olóhùn dídùn kan á ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo ro ẹjọ́ ikọ́ tí òtútù ilé fi mú bàbá rẹ fún un látòkèdélẹ̀, kò kí mi kú ìpayà, orin ló gbé sí mi létí. Mo sọ fún un pé a ò jó lónìí.

Ozithe òdìkejì ọ̀nà wá jẹ páńkéèkì ployes lọ́dọ̀ mi, kò bọ́ kóòtù títí tó fi jẹun tán. Ó bi mí pé ṣé àwọn tó ń bọ̀ wá dí ihò ni mò ń retí, àbí àwọn tó ń bọ̀ wá gbẹ́ òmíràn. Inú bí mi sí i, torí òótọ́ ni.

Ikọ́ náà ti wọ bàbá rẹ láyà. Nọ́ọ̀sì wá fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀ nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kó lọ gba bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ ní òun ò lọ. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó mú ìwé àwọn aláàánú, ó sì fi ìlà kan han nọ́ọ̀sì, pé bí iye ènìyàn tó ń gbé inú ilé bá yí padà, a gbọ́dọ̀ wí, wọn yóò sì tún ìwé wa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òun bá kúrò, èmi ni yóò padà sẹ́yìn ìlà, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó rí ooru. Nọ́ọ̀sì wò mí. Ojú tì mí, Normand, torí èmi ni mo kọ́ bàbá rẹ láti máa bẹ̀rù ìwé.

Láàárọ̀ yìí mi ò ka ìwé kankan. Mo gbé àáké, mo fi bárò kó ẹ̀ka firi, mo sì tò ó yí ẹsẹ̀ ilé ká fúnra mi. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì mi dí ihò fèrèsé ìdáná pa. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n bínú. Lọ́la Aurèle yóò fi ọkọ̀ gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Mo sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n kàn fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni, ó di ìrọ̀lẹ́ ká padà. Irọ́ ni, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Jọ̀wọ́ fi owó dígí ránṣẹ́, àti ti epo ọkọ̀ Aurèle, torí kò ní béèrè. Inú àpòòwé ni kí o fi í sí. Báńkì inú fóònù ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ mi, mo sì ti sọ fún un pé mi ò ní àṣírí kankan.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, o ò ní rí ibi. Nọ́ńbà rẹ ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn aláàánú náà, torí mi ò ní sí nílé. Bí wọ́n bá pè ọ́, tí wọ́n bi ọ́ pé ẹni mélòó ló ń gbé inú ilé wa, méjì ni kí o wí. Bó ti wù kí ọ̀sẹ̀ yìí rí, méjì ni kí o wí.

Èmi ìyá rẹ,
Alphonsine