Ṣájà Kan, Àdùkẹ́ Kan, Ẹyin Méjìlá

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹta

Bàbá Ẹyin ti jó ṣájà Àdùkẹ́. Àdùkẹ́ ni kíbọ́ọ̀dù mi. Bàbá Ẹyin ni mo ń pe ọkọ mi láti àárọ̀ òní. Ó ra ẹ̀rọ asàba àlòkù, àpótí kan báyìí tó ń gbóná láti pa ẹyin dípò àgbébọ̀ – kò ní ṣájà. Ó rí i pé ẹnu ṣájà Àdùkẹ́ wọ ibẹ̀, ó bá kì í bọ̀ ọ́. Ilé ìdáná ni mo wà tí mo fi gbóòórùn. Kí n tó pariwo tán, ó ti sáré lọ gba òmíràn tó lágbára lọ́wọ́ Oníredíò tó ń tún nǹkan ṣe ní ìkòríta. Fún ẹyin méjìlá. Kò mú tèmi bọ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí ni Máníjà òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ gbọ́ wa, àwa tó ń wá iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù ní gbọ̀ngàn rẹ̀. Oníkálùkù á gbé tirẹ̀ wá. Ojú bátìrì Àdùkẹ́ sì ti jẹra tipẹ́. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ ẹ débi pé mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta

Oníredíò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu nìkan kọ́ là ń wò. V, ìyẹn fóltì, ara ṣájà gbọ́dọ̀ bá V ara kíbọ́ọ̀dù mu: 12, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Lẹ́tà A, ìyẹn áḿpíà, ni agbára iná tó lè gbé: ó lè pọ̀ ju èyí tí Àdùkẹ́ ń fẹ́ lọ, kò kàn gbọdọ̀ kéré. Ẹ̀rọ asàba ń fẹ́ A márùn-ún, ẹyọ kan ààbọ̀ ni tèmi ní. “Wọ́n di ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù lé kẹ̀kẹ́ ni, mà.” Àmì ìròpọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu, àmì ìyọkúrò lóde ẹnu náà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí páálí kan. Kò ní irú rẹ̀ nílẹ̀ mọ́, ó ní òun ti ránṣẹ́, ó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹta

Mo ra ọ̀kan lọ́jà. 9V. Ẹni tó tà á ní díẹ̀ náà ló fi yàtọ̀. Àdùkẹ́ tanná, ó ké lẹ́ẹ̀kan, iná rẹ̀ kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹta

Èkejì. 12V, 2A, ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Oníredíò. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n, ó mirí. Ìyọkúrò ló wà láàárín. Ó ní, “Ẹ bá ti pa kíbọ́ọ̀dù yín, mà.”

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹta

Ẹ̀kẹta. Gbogbo rẹ̀ pé, àfi ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ ju ti Àdùkẹ́ lọ – bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì, ó yọ. Màmá, ìyá Bàbá Ẹyin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní kí n má sunkún, òun á bá mi dì í mú. Wọ́n gbé àga sẹ́yìn Àdùkẹ́, wọ́n dì í mú gírígírí. Orin kìíní parí. Láàárín èkejì, oorun gbé Màmá lọ. Orin bá wọn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹta

Mo ń gbálẹ̀ pálọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ṣájà ẹ̀rọ asàba. 12V. 6A. Ìròpọ̀ láàárín. Mo yọ ọ́, mo kì í bọ Àdùkẹ́ – ó wọlé ṣinṣin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti wà nínú pálọ̀ mi!

Bàbá Ẹyin wọlé, ó rí i pé iná ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú. Ohùn tó fi ké, kò fi irú rẹ̀ ké lọ́jọ́ tí mo ṣubú ní balùwẹ̀.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹta

Màmá bá wa parí rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni tèmi lórí ṣájà. Bàbá Ẹyin ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wa bo ẹyin, ó ń wo aago.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹta

Bàbá Ẹyin yọ ṣájà láàárín orin. Kò tilẹ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹta

A jà. Mo ní ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orin nílé ìwé, wọ́n fẹ̀yìn mi tì, kò sẹ́ni tó jókòó rí kó ní òun fẹ́ gbọ́ tèmi. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹyin kì í ní sùúrù. Inú bí mi débi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹta

Ṣájà Oníredíò kò dé. Ẹyin ti ń ké látinú èèpo – píyẹ́, píyẹ́. Bàbá Ẹyin pè mí kí n wá gbọ́. A kúnlẹ̀ tì í fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹta

Ó ní òun ò ní fi ẹyin sílẹ̀, òun ò sì ní dá mi dúró. Báyìí la ṣe kó ara wa lọ: èmi ru Àdùkẹ́, Màmá fa ṣájà lọ́wọ́, ọkọ mi gbé ẹ̀rọ asàba, ẹyin méjìlá nínú gèlè Màmá tó so mọ́ ikùn, ó wọ kóòtù lé e. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì wo ikùn rẹ̀, ó kí i kú ewu oúnjẹ.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ti tẹ̀ kó tó kàn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ orin jẹ́ẹ́jẹ́ tí mo fúnra mi kọ. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ìgbà náà ni ikùn ọkọ mi dáhùn láti ìlà iwájú – píyẹ́, píyẹ́. Ó fọwọ́ bò ó, ó tún le sí i. Mo ń tẹ̀ lọ. Mo gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà mí.

Máníjà dìde. “Mà, ohùn ọmọ ẹyẹ yẹn, nọ́ńbà wo lẹ tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tó fi jáde?”

Irọ́ yọ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo ní igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ti di tèmi.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹta

Mọ́kànlá ló pa. Inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ. Ta ni wọ́n gbà síṣẹ́ gan-an?

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹta

Máníjà pè. Ó ní irú Àdùkẹ́ gan-an wà nílé àbúrò òun, òun tẹ igba ó lé mẹ́tàdínlógún, ohùn hẹlikópítà ló jáde. Màmá jókòó tì mí, wọ́n ní kí n sọ òótọ́. Mo sọ ọ́: ṣájà, ẹyin, gèlè, gbogbo rẹ̀. Mo ní kó má bínú. Mo ní bó bá fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, kò burú.

Ó wá béèrè pé mélòó ni àwọn ọmọ adìẹ náà.

Mo ní mọ́kànlá.

Ó ní kí n kó gbogbo wọn wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n sì má gbàgbé kíbọ́ọ̀dù.