Ojú Senara Lórí Èèpo Màgásíìnì Wa

Penzance,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi Perran,

Mo kí yín láti ilé. Mo gbà á ládùúrà pé kí ibi tí bàtà ṣọ́jà ti bó yín lẹ́sẹ̀ ti jinná, kí oúnjẹ ibùdó máa bá yín lára mu, kí ẹni tó ń fi igbe jí yín láago márùn-ún ìdájí sì sùn gbàgbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo péré. Ara ìyá wa le. Ara tèmi náà kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí mi lóṣù tó kọjá, ẹ̀yin gan-an á ní kí n wá wọṣẹ́ ológun kí n lè sinmi. Nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ yín, lẹ́tà ni mo fi ń ro ẹjọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nínú oṣù kìíní, olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Nancarrow, pín wa ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe màgásíìnì kan tó dá lórí aṣọ àti orin, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi wa. Ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì ọdún yìí ló wà lórí rẹ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí a ó fi kó ogún màgásíìnì jọ, tí a ó sì mọ ohun tí gbogbo wọn fi jọra. Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyí: “Gbogbo màgásíìnì ló ní ìdílé tó ti wá. Bí ẹ bá bí ọmọ tí kò jọ ẹnì kankan nílé, àwọn òǹkàwé á bi yín pé ọmọ ta ni.” Èmi ni wọ́n fi ṣe olóòtú. Mo pè é ní oyè. Mi ò mọ̀ pé ẹrù ni wọ́n gbé rù mí.

Àwọn méjì tí wọ́n fi kún mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀kan ni Keren Pascoe, ọmọbìnrin tó lè fi rúlà wọn búrẹ́dì kó tó gé e. Keren gé àwọn màgásíìnì náà sí wẹ́wẹ́, ó kọ ohun tó rí: orúkọ gàdàgbà lókè, ẹnì kan ṣoṣo lójú èèpo tí ojú rẹ̀ ń wo ojú ẹni tó ń kà á, àwọ̀ mẹ́ta ó pẹ́ tán, àwọn àkọlé kéékèèké lápá òsì, ọjọ́ àti iye owó nísàlẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, ó di òfin Mósè.

Èkejì ni Jory Bolitho. Bí ẹ bá ní kí Jory jókòó, á dùbúlẹ̀. Kò tíì ka òfin Keren délẹ̀ tó fi ní, “Ta ló ní orúkọ gbọ́dọ̀ wà lókè? Ẹ jẹ́ ká dojú ẹ̀ dé!” Keren ní, “Kí òǹkàwé wá máa fi orí dúró?” Jory ní, “Ìyá Rúlà, ṣé o rí i? Ìwọ náà ti ń ronú.” Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ láràárọ̀, tí èmi jókòó sáàárín wọn bí ẹni tó ń ya ajá méjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi jà lórí orúkọ nìkan. Ìgbà tó yá ni mo fìbínú kọ “Mordros” sójú pátákó, nítorí pé èdè àwọn baba wa ni, ariwo òkun ló sì túmọ̀ sí. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ kó lọ bá òkun sọ ọ́.

A tún pín ìwé ìbéèrè fún ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ kí a lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kà. Àwọn mọ́kànlélógójì kọ ọ́ pé àwọn kì í ka màgásíìnì. Ẹnì kan tiẹ̀ ya ẹja sí i, kò kọ nǹkan kan. Mo kó àwọn ìwé náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Nancarrow, mo ní báwo ni ká ti ṣe é báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a ṣe èyí tí wọ́n á kà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí irú ìdáhùn yẹn?

Ohun kan ṣoṣo tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò sí ni Senara Hocking. Ọmọ Newlyn ni, kíláàsì kan náà la jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orin àtijọ́ àwọn apẹja ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ, ṣùgbọ́n gìtá oníná ni wọ́n fi ń lù ú, ó sì máa ń mi ilé. Aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ló fi ń rán kóòtù tó ń wọ̀ kọrin. Kóòtù kan wà tó jẹ́ pupa rúsúrúsú, tí ìpẹtà irin ọkọ̀ ṣì wà létí rẹ̀. Bí aṣọ àti orin bá fẹ́ra, tí wọ́n sì bímọ, Senara ni. Ó ní àmì pupa kan tí wọ́n bí mọ́ ọn, láti abẹ́ ojú òsì dé àgbọ̀n. Ó ti mọ́ gbogbo wa lójú débi pé a kì í rí i mọ́.

Senara kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun ń kọrin fún èèyàn, òun kì í ya fọ́tò fún èèyàn. Ìgbà tí mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló ní, “Ó dáa, Loveday. Torí pé ìwọ ni.” A ya fọ́tò náà lẹ́bàá ògiri èbúté, atẹ́gùn ń gbé kóòtù náà bí ìyẹ́. Fọ́tò náà dára débi pé Jory gan-an kò rí nǹkan kan tó fẹ́ dojú ẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí mò ń fà sẹ́yìn láti kọ nìyí. Lọ́jọ́rú, Keren fà mí lọ síwájú ìwé òfin rẹ̀ lára ògiri, ó ti kọ “ojú tó mọ́” kún un. Ó ní nínú ogún màgásíìnì tí a gé, kò sí ojú kan tó ní àmì. Ó ní, “Mi ò sọ pé kò rẹwà o. Ìlànà ni mò ń sọ. Ojú tó mọ́ ni ẹni tó máa fún wa ní máàkì á máa wá.” Jory kò sí níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ẹjọ́ wọn ti sú mi dé góńgó ọ̀fun, mo kàn fẹ́ kí ohun kan parí láìsí ìjà. Ọwọ́ Keren kọ́ ló ṣe é o. Ọwọ́ mi ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bo ti òsì. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, mo tún sún sẹ́yìn, mo ní, “Ó mà mọ́ o!”

Lọ́jọ́ kejì, Senara wá wò ó. A ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a fi kọ́ ara ògiri. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó fi orí sí ọ̀tún, ó fi sí òsì. Ó wá bèèrè, ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ròkè, ó ní, “Ta lẹ wọ kóòtù mi fún?” Mo ní, “Ìwọ mà ni.” Ó ní, “Rárá o. Mo mọ ara mi. Èyí, mi ò rí i rí.” Ó mú kóòtù rẹ̀ lórí àga, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ì bá gbá a, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Jory wọlé, ó wo ògiri, ó wò wá, ó ní, “Orí yín ò pé ni?” Keren bú sẹ́kún, ó ní ìlànà ni òun tẹ̀ lé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Nancarrow. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Mo ní kí ẹ wo bí ìdílé ṣe rí. Mo ha ní kí ẹ máa bó ojú ọmọ kó lè jọ wọ́n bí?” Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ̀sẹ̀ kan kún àkókò wa. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni. Keren ní ká wá ọmọbìnrin mìíràn. Jory ní ká kúkú gbé ẹja yẹn síwájú èèpo. Mo jáde lọ dúró nínú òjò, kí n má bàa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹnì kankan.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Newlyn. Màmá fún mi ní pásítì ẹlẹ́ran méjì gbígbóná, ó ní a kì í fi ọwọ́ òfìfo bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Inú yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí ni mo ti bá Senara nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò dá ẹ̀rọ náà dúró. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, “Senara, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe Keren.” Ó ní, “Mo mọ̀. Keren ì bá kọ́kọ́ fi rúlà wọ̀n ọ́n.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní láti kékeré ni àwọn èèyàn ti ń bi ìyá òun nínú bọ́ọ̀sì bóyá iná ló jó òun, tí ìyá arúgbó kan sì fi ìpara ránṣẹ́ sí òun lọ́dún Kérésì mẹ́ta léra wọn. Ó ní, “Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, kò dùn mí mọ́. Àjèjì ni wọ́n. Ìwọ, o mọ̀ mí.” Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú mi sí. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọkún. Ó wò mí títí, ó mú pásítì kan, ó ní, “Mo máa padà wá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa kọ́kọ́ jókòó síwájú kámẹ́rà. Èmi ni màá fi òfin Keren tún ojú yín ṣe. Tó bá dùn mọ́ yín, ẹ lo tèmi bẹ́ẹ̀.”

Ó dé lóòótọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó sì mú ìwé òfin náà kúrò lára ògiri, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó dí èjí Jory, ó lẹ etí rẹ̀ mọ́ orí. Ó nu gbogbo àwọn tóótòòtó pupa tó wà lórí imú Keren dànù. Nígbà tó kàn mí, imú mi ló mú. Imú èmi àti ẹ̀yin yìí, tó tẹ̀ láàárín, tí bàbá wa olóògbé fi sílẹ̀ fún wa. Ó nà án gún régé. Mo wo ọmọbìnrin tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó lẹ́wà jù mí lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní bàbá. Mo ní, “Senara, jọ̀ọ́, pa á rẹ́.”

Keren fa bíírò yọ, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti kọ “ojú tó mọ́” pé “kì í ṣe dandan”, ó sì fi rúlà fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Jory ní òun fẹ́ràn tòun o, ká tẹ ẹ̀dà kan fún ìyá ìyá òun. Senara rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. A dá fọ́tò rẹ̀ padà sí bí òkun àti Ọlọ́run ṣe rí i. Keren fúnra rẹ̀ ló kíyè sí i pé àwọ̀ kóòtù náà àti àwọ̀ àmì ojú Senara bára mu, ló bá fi àwọ̀ yẹn gan-an kọ orúkọ màgásíìnì náà. Pupa, funfun, dúdú. Mẹ́ta pérépéré. A gbà fún Jory kó dojú ewé tó kẹ́yìn dé, kí ilé lè tòrò.

Ọjọ́ Ẹtì ni a fi í sílẹ̀, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí àkókò pé. Máàkì wa dé lánàá: ó dára, ṣùgbọ́n wọ́n yọ méjì nínú rẹ̀ nítorí pé a gbàgbé láti kọ ọjọ́ sí i. Keren, tó há gbogbo òfin sórí, ló wà nídìí ẹ̀. Láti àná ló ti ń kọ ọjọ́ sórí gbogbo ìwé tó bá rí.

Mo mú ẹ̀dà ti Senara lọ fún un fúnra mi, àwọn méjì náà tẹ̀ lé mi. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ní, háà, ó tún ti rí nǹkan tó dùn ún. Ló bá figbe ta: “Loveday! Bọ́tìnnì kejì wọ́! Gbogbo ayé á rí i pé mo rán an wọ́! Ẹ ò lè fi kọ̀ǹpútà bá mi tún un ṣe ni?” Jory ṣubú lulẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Keren ní, “A ò gbọdọ̀.” Ní tèmi, mo di orí mú, mo wo òkun, mo sì fi ọkàn kọ̀wé fi oyè olóòtú sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run fún yín lókun títí ẹ ó fi parí, kí ẹ lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ yín di ẹlòmíràn mọ́ wa lọ́wọ́. Ilé ń retí yín.

Èmi ni àbúrò yín tó rẹ̀ tẹnutẹnu,
Loveday Trembath.

Mo tún rántí: Màmá ní kí n bi yín bóyá ìbọ̀sẹ̀ tóun hun ti dé ọwọ́ yín. Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Mo ti sọ fún un, ó ní ẹsẹ̀ yín ni kò dọ́gba.