Sàráà Tí Mo Ṣe fún Bọ́ọ̀lù Rídwàn

                                        Ilé Mùlíkàt,
                                        Clinton, Maryland,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹrin, 2025.

Ìyá Jamilah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Jamilah ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ojú tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ti lọ gba awò tí dókítà ní kí o wá gbà, àbí o ṣì ń ṣe agídí? Tèmi kò burú. Orúnkún yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ilé ìdáná. Mùlíkàt ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe wí i ni kí ó kọ ọ́.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló ṣe ohùn mi lọ́jọ́ kejì sàráà. Rídwàn ọmọ Mùlíkàt wà nítòsí nígbà yẹn, n kò lè sọ̀rọ̀.

O mọ̀ pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n fún yunifásítì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n tí wọ́n fi kọ́ òkè. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Lóṣù tó kọjá, ìròyìn dé pé ẹgbẹ́ wọn ń gòkè. Wọn kò ní bá àwọn ilé ìwé kéékèèké gbá mọ́, àwọn ńlá tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọn yóò máa bá gbá. Mùlíkàt hó, èmi náà hó. Bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn ni mo rò pé ó jẹ́, pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń lọ. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù yìí mo rẹ ẹ̀wà, mo din àkàrà àti mósà kún kúlà méjì, a sì gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ààfáà ṣàdúrà pé bí Rídwàn ṣe gòkè yìí, kò ní wálẹ̀. Gbogbo jàmáà ṣe àmín. Rídwàn fúnra rẹ̀ ló pín àkàrà náà, ṣùgbọ́n kò fi ẹyọ kan kan ẹnu. Ẹni tó máa ń jẹ mẹ́wàá kí n tó sọ epo kalẹ̀!

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi í nínú mọ́tò pé, “Àkàrà mi kò níyọ̀ ni?”

Ó ní, “Ó níyọ̀, Màmá àgbà.”

“Kí ló wá dé?”

Ó ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró. Ó ní, “Àwọn ni wọ́n ń gòkè. Wọn ò mú mi dání.”

Kóòṣì wọn ti pè é. Àwọn tó ga jù ú lọ ló ń kó bọ̀. Bí Rídwàn bá dúró, yóò parí ìwé rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ni yóò ti máa wòran. Ilé ìwé kékeré kan ní Ohio ní kí ó wá bá àwọn gbá ọdún kan tó kù. Ìrìn wákàtí méje ni, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù tó parí. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Ibi tó ti ń wá bí yóò ṣe sọ fún wa ni mo ti gbé kúlà jáde.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ṣé o fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àbí o fẹ́ jókòó?”

Ó ní òun fẹ́ gbá a.

“Kí lo wá ń dúró dè?”

Ó tún wa mọ́tò lọ. Ó kù díẹ̀ kí a délé ló wá ní, “Ta ló máa gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà orúnkún ní Ọjọ́rú? Ta ló máa gbé yín lọ kírun Jímọ̀?”

Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé torí kí o lè máa wà mí kiri ni wọ́n ṣe bí ọ? Èmi tí mo ti ń rìn kí wọ́n tó bí ìyá rẹ! Lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ, jàre.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ?”

“Iṣẹ́ ọ̀lẹ náà ni. Lọ ṣe é.”

Ní Sọ́ńdè ó sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì fún àwọn ará Ohio lésì pé òun ń bọ̀. Oṣù kẹjọ ni yóò lọ. Mùlíkàt ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró níbí, ó ń nu ojú. Mo ní kí ó máa kọ ọ́ lọ. Qúdrát, ìyàwó Fàtáì tó wà ládùúgbò wa, yóò máa gbé mi lọ kírun. Ti dókítà, a óò wá ọgbọ́n dá sí i. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ṣì ń kí mi kú oríire, èmi náà ń ṣe àmín. Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé Ohio ni kí ó darí àdúrà náà sí.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ. Rídwàn gùn ju ibùsùn lọ. Bí mo bá jí kírun àsùbáà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yọ síta. Bí mo bá fa aṣọ bo ẹsẹ̀, àyà á ṣí sílẹ̀, ni mo máa ń fi ìborùn mi kún un. Bá mi ra kíjìpá tó nípọn, kí wọ́n rán méjì pọ̀ ní gígùn. Ní kí Jamilah dùbúlẹ̀, fi òun wọ̀n ọ́n, kí o sì fi ìdajì Jamilah kún un. Bá mi kí i, bá mi kí gbogbo ilé. Jẹ́ kí aṣọ náà dé kí oṣù kẹjọ tó wọlé, má sì jẹ́ kí ó kúrú. Bí ó bá kúrú, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn á wà níta, n kò sì ní sí níbẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o mọ̀ dáadáa,

Ìyá Mùlíkàt.
Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ sísàlẹ̀ yìí.